Aago inú Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi fi wa ọkọ̀ náà kí ó tó ríṣẹ́ olùkọ́ sí òkè òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 yẹn, àwọn olùkọ́ yunifásítì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì yà wá lẹ́nu nígbà tó kàn án. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, ó wọ bàálù, ó ku èmi àti ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, nílé wa ní àdúgbò Mayfair. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó. Ọ̀dà ti ṣí lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́yìn gbọ́dọ̀ di ilẹ̀kùn mú tí a bá fẹ́ yà. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí á ti òun láàárọ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, òmíràn wà tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe ń yí kíákíá tó. RPM ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Èyí ni mo rí i tó ń ṣe ségesège. Mo lè máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé já wálẹ̀ sí òdo, kí ó sì ti fò padà sókè kí n tó ṣẹ́jú.

Mo kọ̀wé sí ọkọ mi. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó béèrè ọmọ, ó ròyìn òtútù, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Má wo aago yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ò fi aago rìn.”

Mo gbìyànjú láti má wò ó. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí mo ti ń kọ àwọn ìwé tuntun sílẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí pẹpẹ, ohun tí kò bá sì sí ní àyè rẹ̀ máa ń gún mi lójú. Mo mú ìwé àjákọ kan sínú ọkọ̀, mo ń kọ ìgbà tí ọwọ́ aago bá já àti ibi tí mo wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ń gun òkè kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ọmọ mi wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ agbégẹdú kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Mo tẹná mọ́ ọkọ̀ kí n lè kúrò lọ́nà fún un. Ọwọ́ aago já sí òdo, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Agbégẹdú fun fèrè títí, ó yà kọjá, eruku rẹ̀ bò wá. Ẹ́ńjìnnì ti tún ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ní, “Mọ́mì, kí ló dé?” Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ bá mẹkáníìkì kan ní Sábó. Kò gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè rárá. Ó ní aago ti kú. Ó tú òmíràn lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ pátápátá, ó fi í sí i. Nígbà tí mo fi dé ilé, aago tuntun náà ti já lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Mọ́mì, ṣebí ọkọ̀ ń rìn? Ẹ má wò ó mọ́.”

Awakọ̀ ilé ìkàwé wa ló júwe bàbá kan fún mi ní Modakeke, ríwáyà tó ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí èmi. Mo bá a níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, mo dúró títí ó fi kírun tán.

“Kí ló ń ṣe ọkọ̀ yín?”

“Aago RPM ni, Bàbá. Ó ń já. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi sí i náà ń já.”

Ó wò mí. “Aago méjì kì í pa irọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́. Ìgbà wo ló máa ń já?”

Mo mú ìwé mi jáde, mo kà á fún un. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó jókòó. Ó ní kí n tún un kà. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ìgbà tí mo ń gun òkè tàbí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹná.

Ó so wáyà gílóòbù kékeré kan mọ́ bátìrì àti mọ́ kọ́ìlì, ohun tó ń fún àwọn pọ́ọ̀gì níná, tí aago náà ti ń gba ìròyìn. Ó fa gílóòbù gba ojú fèrèsé wọlé, ó dì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ẹ máa wo ọ̀nà o. Èmi á máa wo iná.”

Mo wa ọkọ̀ jáde. A dé ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè, mo tẹná. Aago já, gílóòbù kú, ọkọ̀ wúkọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ẹ yí padà,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ọmọrí dúdú kan lára ẹ́ńjìnnì, níbi tí àwọn wáyà pọ́ọ̀gì ti pàdé. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ irin pẹlẹbẹ kan. Ó fi ìka méjì fà á, ó sì ń nà bí rọ́bà ìdirun.

“Ẹ rí i? Wáyà kì í nà. Bàbà inú rẹ̀ ti já, èèpo ló kù. Tí ẹ bá tẹná, irin pẹlẹbẹ yìí á sún, á fà á, iná á já. Aago yín ò ṣàìsàn. Ó ń rojọ́ fún yín ni.”

Ó gé wáyà mìíràn tó rọ̀, ó fi òjé jó o mọ́ ibẹ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ sí òkè ojú ọ̀nà Ìbàdàn yẹn, mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ aago ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bó ṣe yẹ. Mo rò pé inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ agbégẹdú yẹn ni mò ń rí.

Ọkọ mi wálé ní Kérésìmesì. Òun ló wa ọkọ̀ lọ sọ́jà, ó sì wo aago.

“Mo sọ fún ẹ, àbí? Ó ti tún ara rẹ̀ ṣe.”

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, látorí òkè dé orí wáyà. A kọjá Lágéré. Ó wá ní, “Ọkọ̀ yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù ọkọ̀ bà ọ́, ni mi ò ṣe sọ.”

Mo ní mo ti gbọ́. A délé, mo gbé ẹja tí a rà sọ̀kalẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, òun sì jókòó sínú ọkọ̀ fúngbà díẹ̀ kí ó tó wọlé.