Ẹnu Tó Pẹ́ Ju Àlùmọ́gàjí Lọ

Mo tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo láàárọ̀ Ọjọ́rú, iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Iná kò kú. Kọ̀ǹpútà náà kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan bí ewúrẹ́ tó ti jẹ gaàrí onígaàrí tán, ó ní òun ti ṣe ohun tí mo rán òun. Mo wò ó, ó ń wò mí. Mo pa á dé, mo da aṣọ ìnura bò ó, mo sì jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Accra, bí ẹni tó ń retí oníbàárà. Ìyàwó mi ní ṣé mo ti parí ìwé mi. Mo ní iná ni kò sí. Fáànù sì ń fẹ́ lé èmi àti òun lórí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìwé ọ̀hún kì í ṣe ìwé gidi kan. Èyí-tó-bá-èyí-mu ni mò ń kọ: bẹ́ríǹ ẹsẹ̀ mọ́tò yìí tó tún wọ tọ̀hún, rọ́bà tí wọ́n ní kò sí mọ́ àmọ́ tó fara pa mọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn. Láti ìgbà tí mo ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò ló ti wà lórí mi, mo sì fẹ́ kó o sílẹ̀ kí orí náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló gbé kọ̀ǹpútà fún mi. Wofa ló ń pè mí, bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ Twi ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. Ó fi ètò kan sínú rẹ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ èèyàn. Bí o bá kó iṣẹ́ òní pamọ́ sọ́wọ́ ètò yìí, tí o wá ba tọ̀la jẹ́, o lè padà sí tòní.

Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ àlàyé àwọn àṣẹ ètò náà ní Yorùbá, fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Accra ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ní ihò bí àwọ̀n. Ó ń gbọ́ ọ ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù kejì ṣe di tíṣà Yorùbá wọn nìyẹn. Ó kọ gbólóhùn kan wá fún mi: “Àṣẹ yìí ń pa gbogbo ohun tí o kò tíì kó pamọ́ rẹ́, ó sì ń dá iṣẹ́ rẹ padà sí ìgbà tí o kó o pamọ́ kẹ́yìn.” Mo ní ó ti gùn jù. Mo gé e lórí, mo gé e nídìí, ó ku: “Àṣẹ yìí ń dá iṣẹ́ rẹ padà sí bó ṣe wà.” Ó dùn lẹ́nu! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ìyókù, a tì í sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé lábẹ́ Àkíyèsí, torí pé ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn ní ìsàlẹ̀ ni ìkìlọ̀ ń gbé, bó ṣe wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn fi kọ́ ọ.

Ní Ọjọ́rú yẹn, mo ṣèèṣì pa ìlà kan rẹ́. Ìlà kan péré. Mo ṣí ojú ìwé tí èmi fúnra mi ti tún ṣe. Mo ka ìlà kìíní, mo ṣe é. Mo ka ìkejì, mo ṣe é. Nígbà tí mo fi máa dé ibi Àkíyèsí, kò sí ohun tí mo fẹ́ kíyè sí mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo kó iṣẹ́ pamọ́ kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ojú ìwé náà máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ kan á tẹ bọ́tìnì yẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ á lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé gbólóhùn tíṣà Yorùbá ló ja tíṣà Yorùbá lólè. Mo jókòó, mo dìde. Mo ra omi tútù, mi ò mu ún. Mo to àwọn bẹ́ríǹ láti orí pákó yìí sórí tọ̀hún, mo tún kó wọn padà. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà ni. Mo da ojú fóònù délẹ̀. Àgbàlagbà tó ti ń hu ewú nímú ń sá fún ọmọ tó fà lọ́wọ́ lọ sílé ìwé!

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti gbọ́ àlùmọ́gàjí. Ẹni tó ń rán àga mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń gé awọ: wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́. Ìró yẹn gbé mi láti àárín èéfín mọ́tò lọ sí ọjà Kantamanto ìgbà èwe mi, sábẹ́ tábìlì ìyá tó bí ìyá mi.

Aṣọ òkìrìkà ló máa ń tún gé. Ṣòkòtò òyìnbó abìdí ńlá á wọlé, ṣòkòtò ilé ìwé ọmọ mẹ́ta á jáde. Láàárọ̀, bí wọ́n bá gé wáyà tó de bélì, á dún tàìn, òórùn káńfọ̀ á sì bo gbogbo ọjà títí á fi wọ inú kẹ́ńkè tí mò ń jẹ. Àwọn obìnrin aláàárù á máa sáré kọjá, “Agoo! Agoo!”, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìyá mi àgbà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń tẹ maṣíìnì, ìkejì á máa wá bàtà. Abẹ́rẹ́ olórí máa ń wà láàárín ètè rẹ̀, àárín wọn ló ti ń sọ̀rọ̀, ló ti ń bú èèyàn, ló ti ń ṣe Bisimilahi. Òórùn òrí àti aṣọ tí irin gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni òórùn rẹ̀.

Ìṣó kún ara pákó ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣó kan, èèyàn kan. Pépà àpò sìmẹ́ńtì tó gé sí ìwọ̀n ara ẹni náà ló ń fi kọ́ síbẹ̀. Bí ara bá yí padà, kì í ju pépà àtijọ́ nù. Á gé tuntun, á fi í kọ́ lé e lórí. Obìnrin kan lè ní márùn-ún: ìgbà omidan, ìgbà ọmọ àkọ́kọ́, ìgbà tí ọkọ rí ṣe. Bí àìsàn bá mú un rù, Ìyá á ṣí pépà bí ẹni ṣí ewé ẹ̀kọ, á fa ìkẹta yọ. “Ara mọ ọ̀nà ilé,” ni á wí. Kò mọ̀wé. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń sàmì sí wọn.

Àmọ́ pépà nìkan ló ní àtijọ́. Aṣọ tí a ti gé kò ní. Òun sì ń yára sọ̀rọ̀, èmi ń yára ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹsẹ̀ mi kì í balẹ̀. Kó tó ní “lọ”, mo ti dé.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin ẹ̀yà Gáà tó ń ta kẹ́ńkè lẹ́yìn wa gbé léèsì kan wá. Ti ìyá rẹ̀ tó kú ni. Ó fẹ́ kí a fi rán kábà tí òun máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìrántí ọdún kan. Léèsì ọ̀hún ti rọ̀ bí ewé tí omi gbígbóná kàn. Irin eléèédú wà lọ́wọ́ Ìyá, kò wo ẹ̀yìn tó fi ní: “Pépà òkè lórí ìṣó rẹ̀ ni kí o fi gé e.” Èmi! Odindi aṣọ! Wọn kò fún mi ní ju apá àti kọ́là lọ rí. Mo tẹ́ ẹ, mo fi ṣọ́ọ̀kì tọ̀ ọ́, mo ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Nígbà náà ni oníbélì kan yà kí Ìyá. Wọ́n kí ara wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kí ilé, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí òjò tó rọ̀ àti èyí tí kò rọ̀. Ìkíni tán, Ìyá yí ọrùn sí mi.

“Fi ìka mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì o. Ó ti lóyún.”

Àlùmọ́gàjí ti dé ìdí aṣọ.

Mo wọ abẹ́ tábìlì. Mo ka Fátíhà, mo fi “Baba wa tí ń bẹ lọ́run” tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé parí rẹ̀, kó má di pé ibì kan wà tí mi ò ránṣẹ́ sí. Mo gbọ́ tí ọmọṣẹ́ àgbà ń sọ pé, “Ẹ fà á fún mi, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ lọ́gbọ́n.” Ìyá ń tu abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan: tín, tín, tín. Lẹ́yìn náà, ó lọ pe oníkẹ́ńkè fúnra rẹ̀.

Obìnrin náà gbé aṣọ lé ikùn. Ẹ̀gbẹ́ kò kan ẹ̀gbẹ́. Ó fi orúkọ tí àwọn Gáà fi ń pe ìyá Yorùbá pè é: “Alata Mami, ọmọ yín ti gé ìyá mi sí méjì.”

“Ọmọ kọ́,” ni Ìyá wí. “Ohun tí ẹnu mi sọ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹnu mi ló pẹ́.”

Ó bá kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀ níwájú imú mi lábẹ́ tábìlì yẹn, ìyá arúgbó níwájú ẹni tó lè bí. Ì bá nà mí, ọjọ́ kejì ni ǹ bá ti gbàgbé.

Àárọ̀ mẹ́ta ló fi ń tú bélì kiri kó tó rí léèsì tó jọ ọ́. Ó fi kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Obìnrin náà wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ní ó dára. Ojú ibi tó ti rán an pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni èmi ń rí, bó ti wù kó jìnnà tó.

Láti ìgbà náà ni Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹnu rẹ̀ gé. Kó tó ní ká gé nǹkan, á kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ní padà wá. “Oyún wà nínú ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí o bá gé ti lọ nìyẹn. Fi ìka mẹ́rin sílẹ̀. Ó yá, pépà òkè.” Àwọn ọmọṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ìyá ti ń ṣe wáàsí fún aṣọ. Ara ẹni tó dé kẹ́yìn láàárín wọn ni Ìyá ti máa ń dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bí onítọ̀hún bá dúró, tó ń wojú, Ìyá á tún un sọ lọ́nà mìíràn. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í fi dán an wò lára ọmọṣẹ́ àgbà.

“Ìyẹn ti mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Etí ẹ̀ ń bá mi di ibi tó jò.”

Ohun tí mo ṣì gbé dání nìyẹn, bí mo tilẹ̀ gbé e sọnù ní Ọjọ́rú. Nínú ṣọ́ọ̀bù, mi kì í fi òòlù kan bẹ́ríǹ láìjẹ́ pé mo ti sọ fún oníbàárà pé bí mo bá lù ú, kò ní ṣeé dá padà fún mi mọ́. Ẹnu mi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo di tíṣà ni mo wá ń wá èyí tó dùn.

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ọmọ náà wọlé dé.

“Wofa, mo pè yín, mo pè yín.”

“Iná ni kò sí.”

“Fáànù ń fẹ́, iná ò sí?” Ó wo kọ̀ǹpútà lábẹ́ aṣọ ìnura. “Ta ló kú?”

Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín, èyí tó burú jù. Ó dì mí léjìká bí ẹni wá síbi òkú. “Ẹ̀í, Wofa. Ọjọ́ mọ́kànlá? Èyí tí ẹ ò bá tíì kó pamọ́, kò sí níbì kankan o.”

“Mo mọ̀. Ìsàlẹ̀ sọ fún mi. Gbólóhùn mi ló dùn jù. Gbé tìrẹ padà sókè.”

A jọ tún un kọ, ó ń tẹ̀, èmi ń rìn kiri láàárín bẹ́ríǹ: “Dúró ná. Gbogbo ohun tí o ti kọ láti ìgbà tí o kó iṣẹ́ pamọ́ kẹ́yìn yóò parẹ́, kò sì ní padà. Bí o bá ṣì fẹ́ ẹ, kọ́kọ́ kó o pamọ́.” Lẹ́yìn ìyẹn ni àṣẹ tó tẹ̀ lé e. Mo kà á fún aládùúgbò mi tó ń rán àga mọ́tò, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀: “Ó máa jẹ nǹkan mi? Mi ò tẹ nǹkan kan.” Ó yé e.

Ọmọ náà pe ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó fi í sórí sípíkà. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. “Àkíyèsí ti wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á kà á débẹ̀. Bí a bá fi ìkìlọ̀ ṣíwájú, ẹ̀rù á máa bà wọ́n, wọn ò ní kọ́ ọ mọ́.”

Ojú tì mí. Nínú ọkàn mi, mo gbè sẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó fara balẹ̀ ló ń wí, kì í ṣe irú mi. Mo ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Chale, ọ̀rẹ́, dá mi lóhùn,” ni ọmọ náà wí. “Nígbà tí ìwọ fúnra ẹ ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ ka ìsàlẹ̀ yẹn?”

A ń gbọ́ méètì bọ́ọ̀sì trotro tó ń pe èrò lọ́dọ̀ ọ̀gá náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wá sílẹ̀.

“Ọjọ́ tí iṣẹ́ tèmi náà lọ ni.”