Sinimá Tí Wọ́n Yà Bo Ọ̀rọ̀ Bàbá Wa

Oníbàárà mi kan ló mú ọ̀rọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù, bí mo ṣe ń fi téèpù wọn ejìká rẹ̀. Ó ní òun gba iwájú ilé bàbá wa kọjá láàárọ̀, pé wọ́n ti kun ògiri iwájú ní funfun, wọ́n sì ń ya àwòrán sinimá sí i. Ó ní ọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà ló mú àwọn ayàwòrán náà wá. Mo ní kò burú. Mo wọn ejìká rẹ̀ tán, mo wọn àyà, mo wọn ọwọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn tó sọ mọ́. Ara ògiri iwájú yẹn ni bàbá wa kọ ọ̀rọ̀ sí kó tó kú.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí tí ẹ ti rí lára ọ̀pọ̀ ilé lọ: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹni tí kò gbé ní ìlú wa lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ẹbí tà lẹ́yìn àwọn yòókù, àkọlé yẹn ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ra ẹjọ́ mọ́ ilé. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti pa á rẹ́, ẹ tètè béèrè ẹni tó mú ọ̀dà wá. Ìyá mi ṣì ń gbé inú ilé náà. Yàrá tí wọ́n fi í sí nígbà tó wá ṣe ìyàwó, ibẹ̀ náà ló ṣì ń sùn di òní. Bí ilé bá lọ, ìyá mi lọ nìyẹn, torí mi ò mọ ibòmíràn tí ènìyàn lè gbé igi tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lọ gbìn.

Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Ìyá mi ni ìyálé, èmi ni àkọ́bí rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ló sì tẹ̀ lé mi. Ìyàwó kékeré ti dolóògbé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin ni, Olúpọ̀nnà ló ti ń dáko, ọ̀kadà ló sì fi ń gbé iṣu wá fún ìyá mi. Mi ò fẹ́ràn iṣu yẹn rí. Mo máa ń sọ pé ọbàkan kì í gbé iṣu wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má ní ohun tó ń wá. Ìyá mi á ní kí n yé wí bẹ́ẹ̀, á sì gún iyán rẹ̀ jẹ. Ìfura ni oògùn àgbà, èmi ò sì fi tèmi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí oníbàárà mi ti dárúkọ ọ̀kadà, mo ti dá ẹjọ́ tán nínú mi.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi ẹsẹ̀ rìn. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá, wọ́n ń fun fèrè sí mi, mi ò wò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀ràn kì í gun nǹkan tó ń sáré. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni àwọn ọ̀dọ́ kan láti ọ̀nà yunifásítì ti ń ya àwòrán sinimá sí ara ògiri káàkiri Ìwó. Wọ́n ní kí ìgbà tí àwọn òbí wa ń lọ wo sinimá má baà parẹ́. Mo ti kọjá níbẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò bìkítà. Ní ọjọ́ yẹn, mò ń wò wọ́n bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Èyí tí mo kọ́kọ́ dé wà lára ògiri vọkanáísà kan lọ́nà ọjà. Ọkọ̀ sinimá ni wọ́n yà, èyí tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí, tí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé. Odídẹrẹ́ kan bà lé orí ẹ̀rọ náà, nítorí ayàwòrán kan kò lè ya àwòrán ní Ìwó kó má fi odídẹrẹ́ tí wọ́n fi ń ki ìlú wa há ibì kan. Mo rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Irú ọkọ̀ yẹn ti wá sí pápá ilé ìwé wa rí. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ igi méjì, àwọn tó sanwó jókòó níwájú, àwa tí a kò sanwó lọ jókòó sẹ́yìn aṣọ. Àwòrán náà hàn sí àwa náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn fi ń jẹun, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. A délé, a ròyìn. Bàbá wa ní kí a má fọkàn tán ẹni tó bá ń fi òsì jẹun láéláé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ibi tí a jókòó sí ló mú un rí bẹ́ẹ̀.

Mo fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà kí n lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí lẹ́tà dúdú díẹ̀. Vọkanáísà náà gbójú sókè láti ibi tó ti ń lẹ táyà.

"Ìyá, kí lẹ ń wá?"

"Kí ni wọ́n kọ síbí tẹ́lẹ̀?"

"Pé kí wọ́n má tọ̀ síbí ni. Àmọ́ àwòrán yìí ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Wọn kì í lè tọ̀ sójú àwọn ọmọ yẹn."

Mo dúpẹ́, mo kọjá. Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀, torí ìtọ̀ kọ́ ni mo wá wádìí.

Èkejì wà lára ilé olókè kan lápá ibi tí mo ti máa ń ra òwú. Wíńdò kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yà, ọwọ́ kan yọ láti inú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì tò gbọọrọ. Ẹ ò rí ojú ẹni tó ni ọwọ́ náà. Obìnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí i, mo yin àwòrán náà, mo wá bi í bóyá onílé ló fẹ́ràn sinimá tó bẹ́ẹ̀.

"Onílé wo? Wọ́n ti ta ilé yìí. Èmi kàn ń háyà yàrá kan ni. Ẹni tó rà á ló ní kí wọ́n yà á."

"Kí ló wà lára ògiri náà kí wọ́n tó tà á?"

"Ohun tí wọ́n máa ń kọ náà ni, pé kì í ṣe títà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà pa ìyẹn rẹ́ ná. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù."

Mo bọ́ sí abẹ́ ibòji kan, mo pe àbúrò mi ní Ìbàdàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí: ọ̀kadà, ọ̀dà funfun, obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní ọbàkan wa ti fẹ́ ta ilé mọ́ ìyá wa lórí. Ó gbọ́ mi dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Àǹtí mi, ẹ má lọ bá a jà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn ún tán. Ògiri lásán ni. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ọmọ ìyá. Sùúrù tó wà lára rẹ̀, díẹ̀ kò kàn mí nínú rẹ̀. Mo rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, òun ni yóò dúró ti ìyá wa.

Síbẹ̀ mi ò lè jẹ́ kí wọ́n kùn ún tán. Mo gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, níbi tí wọ́n ti ya ọkùnrin méjì tó dì mọ́ ara wọn, tí ọ̀kan fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. Mo fún ẹni tó mú ọ̀bẹ ní ojú ọbàkan mi, mo sì rí i pé ó bá a mu dáadáa. Mo ti ń to èébú tí mo máa bú u lẹ́sẹẹsẹ, mo sì ń fi ti ìyá rẹ̀ sí ìparí.

Bí mo ṣe dé ìkóríta, mo rí ilé wa. Wọ́n ti ya àwọn òǹwòran sí ìsàlẹ̀ ògiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fìlà, gèlè, ìbòrí, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lójúkojú ilé wa ló ní òun ò fẹ́ ojú ènìyàn tó ń wo ilé kéwú òun, ni wọ́n fi ya ẹ̀yìn orí nìkan. Lókè orí wọn ni aṣọ sinimá wà, funfun báláú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá wa wà gan-an ni.

Obìnrin tó ń yà á sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ọbàkan mi jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Mo kọjá lára rẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí, kò wo ojú mi.

"Kí ló dé tí kò sí nǹkan nínú aṣọ sinimá yẹn?" Mo bi ayàwòrán náà.

"Wọ́n ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní ẹ̀yin là ń dúró dè."

Mo yíjú sí ọbàkan mi. Gbogbo èébú tí mo tò ti dàrú mọ́ mi lẹ́nu.

"Ta lo fẹ́ ta ilé fún?"

Kò bínú. Ó kàn yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ìyá mi fi ọwọ́ tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Òun kọ́ ló pa ìwé bàbá yín rẹ́," ló wí. "Àbúrò rẹ ni. Ó wá ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà ní mọ́ṣáláṣí, òun àti àwọn kan tó ń fi okùn wọn ilẹ̀. Ó ní òun á mú mi lọ sí Ìbàdàn, pé ilé yìí ti gbó."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọbàkan ló kọ́ Ìyá ní ohun tí wọ́n máa sọ. Mo ní ọmọ ìyá mi kò lè ṣe irú rẹ̀, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán, ó sì ní kí n... Mi ò lè parí rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n kùn ún tán. Mo wá nǹkan jókòó lé. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé, èmi sì ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko láti àárọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Ìyá?"

"Bí mo bá sọ, kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa jà. Inú kan náà lẹ ti wá."

Ọbàkan mi ló sọ ìyókù, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. Ó gbé iṣu wá, ó rí ọ̀dà tí wọ́n fọ́n sí ọ̀rọ̀ bàbá wa. Ó wá àwọn ayàwòrán náà rí, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ya ilé wa kún un. Ó ní ilé tí gbogbo ìlú ń wá wò, kò ní í ṣeé tà ní kọ̀rọ̀. Inú aṣọ sinimá yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá wa máa padà sí.

"Kí ló wá dé tó ò tíì kọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyàwó kékeré ni mí. Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á ní ogún ni mò ń jà sí. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ wí i," ló wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àkọ́bí ló tọ́ sí."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo na ọwọ́, ayàwòrán náà fi búrọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì ṣí ọ̀dà dúdú. Mo ti gun àkàbà díẹ̀ nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Jọ̀ọ́, kọ ọ́ kéékèèké. Kó má dà bíi pé à ń lé àbúrò rẹ."

Mo ní mo ti gbọ́. Èmi náà fẹ́ kọ ọ́ kéékèèké. Mo rántí bí mo ṣe ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé kéwú nígbà tí kò tíì lè rìn dé ibẹ̀. Fóònù mi sì dún nínú àpò. Òun ni. Ọwọ́ mi kún, mo yọ ọ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ gbohùngbohùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jáde fún gbogbo wa gbọ́.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti débẹ̀? Ṣé kò sí ìwé kankan lára ẹ̀ mọ́?"

Mo wo iwájú mi. "Funfun ni," mo wí.

"Alhamdulilahi. Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀, èmi àti àwọn àlejò kan. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá kí wọ́n ti máa di ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣáà ní wọ́n fẹ́ wá ṣeré lọ́dọ̀ mi ni. Wọn ò ní í mọ̀."

Ó pa á. Ayàwòrán náà bojú wo ilẹ̀, ọbàkan mi mú ẹsẹ̀ àkàbà dání. Mi ò fẹ́ yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí àpótí ìyá mi fi ara họ ilẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì dúró nísàlẹ̀ mi.

"Kọ ọ́ tóbi," ló wí. "Kó lè rí i láti ìkóríta."