Àwọn Fọ́tò Bàbá Ọpẹ́ Tó Ń Pòórá

Ó ti rẹ Agnes. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń fi oorun lé lọ, irú èyí tó ti báni gbé títí tó fi di ará ilé ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Akínlolú, ti kú, òun nìkan ló ń jí ní ìdájí, òun ló ń múra fún Ọpẹ́olúwa ọmọ wọn, òun ló ń gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ni nílùú Oǹdó, tí yóò sì tún padà wálé wá bá ìkòkò tó ṣófo. Gbogbo ìyẹn, ó fara dà á. Ọ̀rọ̀ fóònù ló wá fẹ́ dá a dùbúlẹ̀.

Àwọn fọ́tò ọkọ rẹ̀ ló ń dín kù nínú fóònù náà. Èyí tó wò lọ́sẹ̀ yìí, bó bá tún wá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní bá a mọ́. Èyí tí Akínlolú wọ aṣọ akọrin ti lọ. Èyí tó gbé Ọpẹ́ sọ́rùn ti lọ. Lọ́jọ́ tó wá fídíò kan báyìí tì, ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. Nínú fídíò yẹn, Akínlolú ń pa ẹ̀pà, ó ń fi tẹ́nọ̀ kọ orin ìyìn, bí ó bá sì dé ibi tí orin ti sinmi, á ju ẹ̀pà sẹ́nu. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí láyé.

Olúrántí, olùkọ́ kíláàsì kẹfà nílé-ìwé wọn tí kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ní fóònù ló ti darúgbó. Ó ní kí Agnes yára wá ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó kó àwọn fọ́tò tó kù síbẹ̀, pé bí fóònù tilẹ̀ já sí kànga, fọ́tò á ṣì wà. Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó wà, orí Agnes dàrú. Ti Google rọrùn, inú fóònù ló wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ àyè ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kún. Ti Microsoft dára fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Òmíràn wà tí àyè ọ̀fẹ́ rẹ̀ fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìpolówó á máa fò mọ́ni lójú kí èèyàn tó rí fọ́tò ara rẹ̀. Olúrántí ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Agnes ń wo òkìtì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí kò tíì máàkì.

“Èwo nínú wọn ni kì í jẹ fọ́tò?” ló bi í.

“Ìyá Ọpẹ́, ẹ̀ ń béèrè bí ẹni tó fẹ́ ra ajá.”

Agnes kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di Sátidé, ó fi Ọpẹ́ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àkúrẹ́ lọ bá Ìtùnú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Wọ́n kọjá Òwéna, kò mọ̀. Oorun ti gbé e lọ.

Ìtùnú gbé iṣu àti ẹyin díndín kalẹ̀, ó gba fóònù. Ó ní kí àwọn tó yan ibikíbi, kí Agnes sọ ímeèlì tó wà lórí rẹ̀. Agnes ní òun kò mọ̀ ọ́n, Jesse tó ta fóònù náà fún òun nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí ló ṣe é. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Bí a bá ra fóònù, a kì í ṣí i fúnra wa. Ẹni tó tà á la ó ní kó bá wa ṣe é tán, kó fi WhatsApp sí i, kó wá gbé e lé wa lọ́wọ́ bí oúnjẹ tó ti jiná.

Ìtùnú wo orúkọ tó wà lórí ímeèlì náà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù Jesse ni. Ó ṣí ibi tí àwọn fọ́tò ń lọ, ló bá bá àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí níbẹ̀: ọmọ tuntun, ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà, kòkó tí wọ́n sá sójú ọ̀nà. Agnes ní kó má dá wọn lóhùn, ìdọ̀tí tí WhatsApp ń kó wọlé ni, òun ti ń pa irú wọn rẹ́ tipẹ́.

Ìtùnú rọra gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Àǹtí mi, kì í ṣe ìdọ̀tí. Fọ́tò àwọn oníbàárà Jesse ni. Àpò kan ni gbogbo yín jọ ń lò.”

Ó wá là á yé e. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá ti bi í pé ṣé kí òun gba àyè sílẹ̀, tí Agnes sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò ń kúrò nínú fóònù, ó ń ku ẹyọ kan péré nínú àpò náà. Àpò sì ti ń kún. Oníkálùkù ń da ohun tí kò mọ̀ nù.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Jesse, ẹ̀rín ló fi pàdé wọn. Ó ní nọ́ńbà òun ni kò gbà láti ṣí ímeèlì tuntun mọ́ nígbà náà, lòun bá fi ti ṣọ́ọ̀bù sí fóònù àwọn tí kò ní. “Mo bá yín ṣe é ni, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n ṣe é kíá.” Agnes kò lè jiyàn, òun ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Nínú àpò náà, ibì kan wà tí fọ́tò tí a pa rẹ́ ń dúró sí fún bí oṣù méjì kó tó lọ pátápátá. Wọ́n bá Akínlolú nínú aṣọ akọrin níbẹ̀. Wọ́n bá a pẹ̀lú Ọpẹ́ lọ́rùn. Wọn kò bá fídíò.

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Jesse. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà tó rántí. Ẹni tó gbé e ni Adébùsóyè, àgbẹ̀ kan ní Ìta-Ògbólú. Kí Jesse tó ṣàlàyé fídíò tí wọ́n ń wá tán ni ọkùnrin náà ti ń sọ tirẹ̀: fọ́tò ìyá òun ti sọnù. Òun yà á níwájú ilé nígbà tó kù díẹ̀ kí màmá náà di olóògbé, ó wé gèlè funfun, abọ́ ekùrọ́ wà níwájú rẹ̀, òmíràn kò sì sí.

Gèlè funfun. Agnes rántí abọ́ ekùrọ́ náà. Ó rántí bó ṣe fi ìka pa á rẹ́, pẹ̀lú ìkánjú, kí agogo ilé-ìwé tó lù. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Jesse.

“Sà, èmi ni mo pa fọ́tò màmá yín rẹ́. Mi ò mọ̀ pé ti ẹnì kan ni.”

Ewúrẹ́ kan ń ké lọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Bàbá tó ń pa ẹ̀pà, tó ń kọrin yẹn, kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?”

“Ọkọ mi ni, sà. Wọ́n ti ṣaláìsí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi náà ni mo pa tiwọn rẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn akọrin wa. Tẹ́nọ̀ wa kò dáa. Mo ní kí wọ́n wá gbọ́ bí ẹni tí ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́.”

Kò pẹ́ tí fídíò náà fi wọlé. Agnes kò ṣí i. Ó padà síbi àwọn fọ́tò tí wọ́n pa rẹ́, ó ń wá gèlè funfun lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó dá ọmọ tuntun mìíràn padà, ó dá òkìtì kòkó padà, ó dá ọlọ́kadà mìíràn padà. Kò rí màmá náà. Ó tún pe Adébùsóyè, ó sọ fún un. Ọkùnrin náà ní kò burú. Bó ṣe sọ ọ́, Agnes mọ̀ pé ó burú.

Wọ́n padà sílé Ìtùnú lọ yan ibi ìpamọ́. Kò tún gba àríyànjiyàn mọ́. Agnes ní ti Google náà ni òun fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí Olúrántí lè bá òun tún un ṣe ní Oǹdó, ṣùgbọ́n lórúkọ òun, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tí òun fọwọ́ ara òun tẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ìtùnú fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Wọ́n tún da gbogbo rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà Ìtùnú, kó má baà jẹ́ pé inú apẹ̀rẹ̀ kan ni gbogbo ẹyin wà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà lọ sí Oǹdó, ó ki okùn ìgbọ́hùn fóònù sétí, ó wá ṣí fídíò náà. Ọkọ rẹ̀ kọrin, ó sinmi, ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. Àárẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Ó kàn rí ibi fẹ̀yìn tì díẹ̀ ni. Fóònù bi í pé ṣé kí òun gba àyè sílẹ̀.

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ fídíò náà látòkè.