Gọ́tà Iwájú Ìsọ̀ Ìyá Mi

Olóríkunkun ni ìyá mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tòmátì àti ata ló ń tà ní Petit Marché, ọjà kan nílùú òkèèrè tí à ń gbé, ọwọ́ àwọn olóko etí odò ní Gamkalley ló sì ti ń rà wọ́n. Ó ní òfin kan tó bá a wá láti Ọ̀yọ́: kí ọjà àkọ́kọ́ òòjọ́ tó tà, owó kò gbọdọ̀ jáde níbi ìsọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tí òjò pọ̀ yẹn, ẹrẹ̀ gba gbogbo iwájú ìsọ̀ wa. Oníbàárà á dúró lókèèrè, á wo bàtà rẹ̀, á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Meríì, ìyẹn ilé ìjọba ìlú, ti ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ń san lójoojúmọ́ làwọn máa fi gbẹ́ gọ́tà. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù ni agbowó ọjà, obìnrin ẹ̀yà Zarma kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, máa ń wá, ìyá mi kò sì tíì tà. Kò tà nítorí ẹrẹ̀. Kò san nítorí pé kò tà. Ẹrẹ̀ sì wà níbẹ̀ nítorí àwọn tí kò san. Obìnrin náà ní bó bá di ọ̀la tí kò san, òun á ti ìsọ̀ náà pa. Ìsọ̀ yẹn ló ń rán wa lọ síléèwé. Mo bẹ ìyá mi kí ó gbàgbé òfin Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wò mí bíi pé mo bú bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó rí obìnrin náà lọ́nà tòun ti àgádágodo, ó gbé agbọ̀n tòmátì rù, ó ká ìró sókè, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ó fi Hausa sọ fún un pé:

"Hajiya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tòmátì lọ́wọ́ mi, kí n lè rówó san owó yín."

Agbowó náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì rà á. Owó yẹn kò dé àpò ìyá mi kó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó san án. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ wa láràárọ̀. Àwọn ọlọ́jà tó wà nítòsí rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í san.

Lẹ́yìn òjò, wọ́n gbẹ́ gọ́tà, wọ́n fi kọnkéré bò ó. Èrò ya dé. Ìyá mi fi àlùbọ́sà kún ọjà, ó gba ìsọ̀ kejì, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà di méjì. Ní báǹkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n máa ń fi Faransé ṣàlàyé bí owó orí ṣe ń mú ọrọ̀ ajé gbèrú, orí mi a sì máa wú, torí mo ti fojú ara mi rí i.

Lọ́jọ́ tí kọnkéré náà gbẹ, ìyá mi bọ́ bàtà, ó dúró lé e lórí, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní, "Tòmátì mi wà nínú ẹ̀."