Bí Ayépé Ṣe Dáhùn Ìbéèrè Ọrọ̀ Ajé

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì Ijagun tí n kò ríṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ mọ ohun tí ará ìlú ń rò nípa ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ki ìbéèrè sínú fóònù àwa tí wọ́n gbà síṣẹ́, wọ́n ní ká máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Èyí tó ṣe kókó jù níbẹ̀ ni: ṣé ọ̀nà tó dára ni ọrọ̀ ajé wa ń gbà lọ, àbí ọ̀nà tí kò dára? Ẹni tí a bá bi léèrè á mú ọ̀kan, tàbí kó ní òun ò mọ̀. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo ní kí ló le níbẹ̀.

Ayépé, ìlú wa, àti Odogbolu ni wọ́n pín fún mi. Mo ti ilé wa bẹ̀rẹ̀ kí ẹnu mi lè kọ́kọ́ mọ́ ọn. Màmá mi ń yan gàrí lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru, dókítà sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fo oògùn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí ohun tó pa ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin nìyẹn. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè náà bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"A dúpẹ́. Ó ń dára."

"Màmá, ọ̀kan lẹ máa mú."

"Mo ti mú un. Àbí kí n fi ẹnu ara mi sọ pé kò dára?"

Mo tẹ "dára", mo sì fi ránṣẹ́. Mo wá béèrè tèmi, èyí tí kò sí nínú fóònù, bóyá oògùn wọn ṣì wà. Wọ́n ní ó wà.

Bí gbogbo àdúgbò ṣe dá mi lóhùn nìyẹn. Bàbá tó ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ ti pa ẹ̀rọ wọn nítorí ọ̀wọ́n epo bẹntiróò, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ní, "Àlàmúdù lílàì, ọ̀nà tó dára ni." Ìyá kan tó ti kó ọmọ méjì kúrò ní ilé ìwé ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó burú. Mo ń tẹ "dára", inú sì ń bí mi sí wọn, bíi pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí wọ́n bá ní ṣé dáadáa ni, dáadáa náà ni màá sọ, kódà kí òjò máa rọ̀ sórí ibùsùn wa. Ẹni tó bá rojọ́ àìní rẹ̀ fún àlejò ti tú ara rẹ̀ síhòòhò. Mo mọ gbogbo èyí, mo ṣáà ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án, mo dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta oògùn òyìnbó ní Odogbolu. Àwọn nìkan ni kò bá mi ṣe ọpẹ́.

"Kọ ọ́ pé kò dára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń tà ní páálí, hóró méjì, hóró mẹ́ta ni wọ́n ń rà báyìí. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Wọ́n wò mí dáadáa. "Ìyá ẹ ńkọ́? Wọn ò wá mọ́."

Mo ra káàdì oògùn kan, mo wọ ọ̀kadà padà sílé. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo nà án sí màmá mi. Wọ́n ní kí n fi pamọ́, àwọn ṣì ní.

N kò bá wọn jiyàn. Mo kàn ṣàlàyé pé ìdáhùn tí wọ́n fún mi láàárọ̀ ti lọ, kò ṣeé pè padà, àti pé wọ́n máa kà á mọ́ ti gbogbo àwọn tó ní nǹkan ń dára.

"Wọ́n á sì gbà á gbọ́?"

"Èmi ọmọ yín ni mo kọ ọ́, màmá. Wọ́n á gbà á."

Wọ́n fa igi iná jáde lábẹ́ agbada, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró wọn, wọ́n sì jókòó.

"Tún bi mí."

Mo fi fóònù sápò. Mo bi wọ́n.

"Ó ti di oṣù kejì tí mi ò lo oògùn," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ti ń sùn lọ, mo máa ń rò pé mi ò ní jí."