Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Fẹ́ Jáde

Iná pupa ṣíṣú ni a máa ń tàn nínú yàrá ìwádìí wa ní Camberwell, ní Lọ́ńdọ̀nù, torí kẹ́míkà tí à ń lò kò gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Sẹrotóníìnì la dè sínú rẹ̀, èròjà ọpọlọ tó lọ́wọ́ nínú bí inú ẹ̀dá ṣe ń dùn tàbí bàjẹ́. A ó pò ó mọ́ omi àwọn ọmọ ẹja tínńtínní, tí ara wọn mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Bí a bá tan iná búlúù, ìdè á já, àwa á sì máa wo bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìyá mi wà nílé ní Peckham, wọn kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni. Wọ́n lo oògùn dókítà GP, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wá ṣàdúà, pàbó ló já sí. Èmi ọ̀mọ̀ràn wá ń fọ́nnu fún wọn pé iṣẹ́ wa ni yóò wo irú àìsàn wọn.

"Àwọn ẹja yín yẹn, ṣé inú wọn ti ń dùn?"

"Mummy, it's not like that."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi pè mí lórí fóònù lẹ́nu iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ là yẹ̀rì nínú yàrá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bàjẹ́. Ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin tí kì í pariwo, kàn ní kí n máa fi fóònù sílẹ̀ níta. Mo gbọ́ràn bí ọmọ ilé kéú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹja lúwẹ̀ẹ́ bí a ṣe fẹ́, a pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo jáde ni mo rí i pé ìyá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì fi ohùn sílẹ̀: "Ọmọ mi, mo ti wẹ̀, mo ti wọ coat mi. Jọ̀ọ́, wá ká lọ ọjà Rye Lane. Ẹja ń wù mí jẹ."

Mo sáré wọ bọ́ọ̀sì. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, tàwọn ti coat wọn.

"Mummy, I'm so sorry. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ó ti kúrò lára mi, ọmọ mi. Lọ jẹun."

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ìyá mi ni mò ń tọ́jú báyìí. Mi ò mọ ohun tó gbé wọn dìde lọ́jọ́ náà, ó sì ń dùn mí dé egungun. Gbogbo Sátidé ni mo ń bi wọ́n bóyá wọ́n á bá mi jáde. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní rárá. Ní báyìí, ńṣe ni wọ́n ń kọjú sí ògiri. Mo mọ̀ pé wọn ò ní dìde, síbẹ̀ mò ń bi wọ́n, torí mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.