Ife Olódòdó Inú Gààrí

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Ife tíì àwọn òyìnbó ni mo máa ń kó jọ. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Ayétòrò níbí o. Ti àtijọ́ ni, tánganran tí wọ́n lọ eegun màlúù mọ́. Ọkùnrin tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Ìdí-Ìrókò ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó gbé ọ̀kan sójú oòrùn, mo sì rí òjìji ìka rẹ̀ láti òdìkejì. Láti ọjọ́ náà, bí ẹrù bá ti ti Kùtọnu dé, mo ti wà nídìí rẹ̀, mò ń tú u. Mo lè rí ife lónìí, kí n má rí àwo ìdí rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí. Èyí tó ní òdòdó pupa lára, tó ní wúrà lẹ́nu, òun ni mo lé jù. Mo kó o títí ó fi kún pẹpẹ kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá rẹ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, ọba òyìnbó wo là ń retí?"

"Ìwọ ni. Máa rẹ́rìn-ín."

Nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀, ó padà wá sọ́dọ̀ mi. Kò lè gbé ife onírin mọ́, ó wúwo jù fún un. Mo bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ife olódòdó kan, ó sì mu ún. Ife yẹn náà ló fi mu omi tó mu kẹ́yìn.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Èmi tí mo bí i kò gbọdọ̀ fojú kan sàréè. Èrò wá bá wa kẹ́dùn. Àwọn obìnrin ilé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi láì bi mí, wọ́n po tíì fún àlejò, wọ́n fọ gbogbo ife, wọ́n sì kó èyí tí ọmọ mi lò pọ̀ mọ́ wọn.

Nílé ọkọ mi, ohun tí ẹni tó kú bá fi mu omi kẹ́yìn, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ lórí sàréè rẹ̀, kó má baà padà wá mumi nílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé. "Ìyàwó, ife ọmọ dà?"

Obìnrin ilé kan ní, "Bàbá, a ti kó o pọ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

"Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́? Ìyàwó, ṣé ìwọ kò mọ̀ ọ́n ni? Gbogbo rẹ̀ ni a óò fọ́ o."

Mo mọ̀ ọ́n. Ó sán díẹ̀ níbi ìdìmú, ìka ló lè mọ̀ ọ́n. Bí mo bá fi hàn wọ́n, ìyókù á ṣẹ́kù fún mi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Èmi fúnra mi ni mo wọlé lọ kó wọn. Mo fìka wá a, mo rì í sínú gààrí, mo kó ìyókù jáde tàwotàwo.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyí, Bàbá."

Mo jókòó sínú ilé, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ. Tánganran yẹn a máa dún bí agogo kó tó fọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe tán.

O bi mí níjọ́sí pé kí ló dé tí ife mi kò ní àwo. Èsì rẹ nìyẹn. Mi ò wá òmíràn mọ́. Àràárọ̀ ni mo ń fi mu ẹ̀kọ, ìka mi a sì máa wá ibi tó sán.

Bí mo bá kú, wọ́n á bi ọ́ léèrè ife tí mo fi mumi kẹ́yìn. Ife oníke búlúù tó wà nídìí àmù ni kí o gbé fún wọn. Kí wọ́n máa wá bí wọn yóò ṣe fọ́ ọ.